Orí Keje: Ìgbọ̀nwọ́ Kan ní Ọrùn Ilẹ̀

Orí ni wọ́n ń fọ́ fún ejò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá ilẹ̀ dúró, ọrùn ni yóò dì mú. Ilẹ̀ ní ọrùn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilẹ̀ àríwá gbòòrò bí àyà òmìrán, ti gúúsù náà gbòòrò, omi iyọ̀ sì há wọn mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ohun kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀ ni ilẹ̀ tóóró kan, iyanrìn lókè, amọ̀ nísàlẹ̀, tí kò fẹ̀ ju ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ lọ níbi tó ti tín-ín-rín jù. Ọrùn Ilẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹni tó bá dúró láàárín rẹ̀, tó na apá méjèèjì, á rò pé òun lè fi ìka tọ́ omi méjì wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Orí ọrùn yìí ni ogun lé ará ìlú gbà kọjá. Ìyá kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, arúgbó kọjá nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ewúrẹ́ kọjá, ọkùnrin kan tilẹ̀ ru ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ilẹ̀kùn tí kò nílé ṣe, ó ní òun ò mọ̀, pé ohun tọ́wọ́ òun bà ni. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ọjọ́ tí a ó máa mú ohun tọ́wọ́ bá bà.

Bàbá Kànga wà nínú wọn. Kànga ni baba rẹ̀ gbẹ́, kànga ni baba baba rẹ̀ gbẹ́, ní ìlú òkè tó jìnnà sí òkun débi pé iyọ̀ inú ìgò nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n a máa kì wọ́n níbẹ̀ pé: "Ọmọ a-lu-ilẹ̀-kó-dáhùn! Ọmọ a-sọ̀-bí-òkú-gòkè-bí-ìkókó! Ẹ̀yin lẹ ń tọ́ omi wò kí ọba tó mu ún!"

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ẹnubodè, bí wọ́n bá kì í, kò gbọ́ mọ́. Ọ̀gágun ti búra lọ́jọ́ náà pé wọn ò ní ti ẹnubodè ìlú títí ẹni ìkẹyìn yóò fi ti oko wọlé. Wọ́n tì í. Ìyá Bàbá Kànga wà níta pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ọmọ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó sì mọ ìgbà tí kò gbọ́ ọ mọ́. Kò sunkún. Inú rẹ̀ kú tipiri, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé ju bó ṣe yẹ lọ. O lè gún un lábẹ́rẹ́, kò ní mọ̀.

Ilé tí wọ́n ti ń se iyọ̀ ni wọ́n ti gbìmọ̀ ogun, nítorí kò sí ilé mìíràn tó ní òrùlé ní Ọrùn Ilẹ̀. Ìkòkò amọ̀ dúdú méje tò sórí ààrò, ògiri funfun fún iyọ̀, ilẹ̀ sì ń dún kẹ́kẹ́ lábẹ́ bàtà. Ọ̀gágun jókòó lórí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Má-wẹ̀yìn ni orúkọ tí àwọn ọmọ ogun fún un. Bó ṣe jókòó ni wọ́n figbe ta:

"Má-wẹ̀yìn! Ẹkùn tí í jókòó sẹ́nu ihò! Apó tí kì í tán lọ́fà!"

"Ẹ jókòó," ló wí. "Apó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí la ó ṣe?"

Olórí àwọn ẹlẹ́ṣin ló kọ́kọ́ fèsì. "Ẹ jẹ́ ká mọ odi, láti omi dé omi."

Gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Kànga, tí wọ́n pè nítorí pé ó mọ ilẹ̀, bu iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà, ó jẹ́ kó jò gba àárín ìka rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Èyí ò gba odi, Olórí. Ẹ mọ ọ́n lónìí, ó wó lọ́la, ẹṣin ọ̀tá á fi ṣe àtẹ̀gùn."

"Kí ló wá gbà, ọmọ àgbẹ́lẹ̀?"

"Ihò ló gbà."

Ẹlẹ́ṣin rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ní òòlù, gbogbo nǹkan ni ìṣó lójú rẹ̀. Kànga lo fẹ́ kí ọ̀tá já sí?"

"Yàrà ni. Láti etí omi dé etí omi. Kí omi méjèèjì pàdé. Ọrùn á dá, orí á dá wà, ara á dá wà."

Ẹ̀rín tán. Ọ̀gágun yíjú sí i. "Ọjọ́ mélòó?"

"Irínwó ọkùnrin, ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ni ọ̀tá máa gbà dé."

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n rọra."

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, kò fi ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ kan kàn jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, bí omi ṣe ń jáde lára ìkòkò tó ti sán.

Wọ́n fẹnu kò. Ọgọ́ta ọmọ ogun yóò di ilé ìṣọ́ olókùúta mú, èyí tó wà lórí òkè kékeré ní apá àríwá, ibi tí ohùn kò lè dé láti yàrà ṣùgbọ́n tí ojú lè dé. Wọn yóò dá ọ̀tá dúró. Bí omi bá kún yàrà, wọn yóò ta aṣọ pupa sókè lórí ọ̀pá. Bí àwọn ọgọ́ta bá rí i, kí wọ́n fi ilé ìṣọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sáré wá gba orí afárá pákó tí wọn yóò tẹ́ sórí yàrà. Lẹ́yìn náà, wọn yóò fa pákó kúrò.

"Bí wọ́n bá kúrò kí omi tó wọlé ńkọ́?" Ẹlẹ́ṣin béèrè.

"Ẹṣin ọ̀tá á tẹ̀ lé wọn wọ inú àwọn obìnrin àti ọmọdé," ni Ọ̀gágun wí. "Omi á kọ́kọ́ dé, kí aṣọ tó gòkè." Ó fa idà yọ, ó fi ahọ́n kan irin rẹ̀. "Pákó yẹn ò ní kúrò títí ẹni ìkẹyìn yóò fi kọjá. Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ yìí padà, kí irin yìí mọ̀ mí."

"Àṣẹ," ni gbogbo wọn wí. Bàbá Kànga náà wí i. Ẹnu rẹ̀ ló wí i. Irin kan náà ló rí lọ́jọ́ ẹnubodè, ahọ́n kan náà.

Àbúrò rẹ̀ wà nínú ọgọ́ta náà, nítorí ojú rẹ̀ ń ríran jìnnà. Dìímú ni wọ́n ń pè é. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ kò ṣòro: láti bí ogún ọdún, òun ló ń di okùn mú lẹ́nu kànga nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ wọn sì ní òfin. Ẹni tó di okùn mú kì í jókòó, kì í jẹun, kì í kúrò, títí ẹni ìsàlẹ̀ yóò fi ké pé, "Omi ti dé!" Ẹni òkè á dáhùn pé, "Mo gbọ́, máa bọ̀!" Láìgbọ́ ìdáhùn yẹn, ẹni ìsàlẹ̀ pàápàá kì í gbé ẹsẹ̀ láti gòkè. Nígbà kan, oyin tú jáde lára igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ta Dìímú títí ojú rẹ̀ fi wú bí ìrọ̀rí. Kò jọ̀wọ́ okùn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gòkè tó rí i, ó ní, "Ta nìyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ilé.

Dìímú wá dágbére. Ó gbé aṣọ pupa kan dání, ìró ìyá wọn, ohun kan ṣoṣo tó mú jáde nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́lòmíràn tó ní aṣọ pupa nínú gbogbo àwọn olórí wa wọ̀nyí. Ogun ńlá, aṣọ pupa kò sí."

"Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ẹ má jẹ́ kí iyanrìn bà á jẹ́ o. Ẹ mọ bí Màámi ṣe máa ń ṣe." Ó gbé e lé orí òkúta kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ sọ pé ẹ máa pè mí."

"Bí omi bá dé, màá pè ọ́."

"Ó tán. Tí ẹ ò bá tíì pè mí, n ò níí kúrò níbẹ̀. Kí oyin máa bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé apó kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Kànga wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi kéré bí èèrà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan ṣe òun. Kò sí ohun tó ṣe é.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́. Ó kan èèkàn mọ́ etí omi níbi tí omi dé lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó ní kí ìsàlẹ̀ yàrà jìn ju ojú omi yẹn lọ ní ìgbọ̀nwọ́ méjì. Irínwó ọkọ́ ń lọ sókè, ń bọ̀ nílẹ̀. Wọ́n fi ògiri ilẹ̀ sílẹ̀ ní orí méjèèjì láti dènà omi títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ọkùnrin onílẹ̀kùn wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

"Bàbá Kànga, ẹ ní ẹ fẹ́ pákó afárá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ti mọ ohun tí ilẹ̀kùn mi wà fún," ó wí, ojú rẹ̀ sì tàn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin tó ni ilé iyọ̀ dúró létí yàrà, ó káwọ́ gbera. Ìyá Oníyọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Arúgbó tí awọ rẹ̀ ti gbẹ, tí ahọ́n rẹ̀ ò gbẹ.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ibo ni wọ́n ti bí ọ?"

"Òkè, ìyá."

"Ó hàn. Ìwọ ò mọ̀ pé omi yìí ń mí?"

"Omi ń mí?"

"Máa bọ̀." Ó mú un lọ sí ìdí èèkàn. Èèkàn náà dá dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Omi ti lọ jìnnà, ó fi ẹrẹ̀ àti ìkarahun sílẹ̀. "O rí i? Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Omi inú kànga ni kì í lọ síbì kan. Èyí ní ẹsẹ̀. Ìgbà tó kún lo wọ̀n ọ́n. Bí o bá ṣe é báyìí, tó bá fà, yàrà rẹ á gbẹ. Ẹṣin á kọjá, á tún tọ̀ síbẹ̀."

Ó wo ẹrẹ̀ náà. Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Ìgbọ̀nwọ́ kan sí i."

"Ìgbọ̀nwọ́ kan sí i, kò ní gbẹ láéláé. Kí ló dé tí wọn ò bi mí? Wọ́n jókòó sórí ìkòkò mi, wọ́n ń gbìmọ̀ lórí omi mi, kò sẹ́ni tó ní, 'Ìyá, ẹ ǹlẹ́ o.'"

"Ẹ ṣeun, ìyá."

Ìgbọ̀nwọ́ kan. Ọjọ́ tó kù tó o dáadáa. Ó padà sínú yàrà, àwọn ọkùnrin sì dúró kó wí fún wọn bóyá ìsàlẹ̀ ti tó. Ó wo ilé ìṣọ́ lókè àríwá. Ó ro idà tí wọ́n fi ahọ́n kàn. Bí yàrà bá ń gbẹ nígbà tí omi bá fà, wọn ì báà yọ pákó, ẹni tó wà lódìkejì á lè fẹsẹ̀ rìn wálé. Ẹṣin náà á lè kọjá. Ó ro ìyẹn náà, ó rò ó bí ẹni ń ro ẹrù ẹlòmíràn. Kò jà pẹ̀lú ọkàn rẹ̀, kò gbàdúrà sí i. Ó kàn gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń sọ pé:

"Ó ti tó báyìí. Ẹ fẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó jìn sí i mọ́."

Olúwa, má fi wá sílẹ̀ ní wákàtí tí ẹnu wa ń dá sọ̀rọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ là nígbà tí eruku sọ lójú ọ̀run àríwá. Ẹlẹ́ṣin wo eruku náà, ó ní, "Kí wọ́n tó dé ilé ìṣọ́, èèyàn á ti lọ, á ti bọ̀. Àsìkò wà." Ọ̀gágun ní kí wọ́n já ògiri ilẹ̀ méjèèjì. Wọ́n já a. Gbogbo ènìyàn na ọrùn.

Omi kò wá.

Ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, òkun sì wà lọ́hùn-ún, ó fà sẹ́yìn, ó ń dán. Ọmọ ọwọ́ kan ń ké níbì kan láàárín àwọn tó sá wá.

"Bàbá Kànga," ni Ọ̀gágun wí, kò gbé ohùn sókè. "Omi dà?"

"Ó ku ìgbọ̀nwọ́ kan."

"Ṣé o ṣì í wọ̀n ni?"

"Mo kọ́kọ́ ṣì í wọ̀n. Mo wá mọ̀. Mo fi í sílẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Mo ní bí ẹ bá yọ pákó, kí àbúrò mi lè fẹsẹ̀ rìn kọjá."

Ẹlẹ́ṣin di idà rẹ̀ mú. Ọ̀gágun na ọwọ́, ó dá a dúró. Ó sún mọ́ Bàbá Kànga tó bẹ́ẹ̀ tí èémí wọn pàdé.

"Ìyá rẹ ló wà níta lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

"Òun ni."

"Ẹni mẹ́tàdínlógún ló wà níta. Mo mọ iye wọn. Mo ti jẹ ìbúra kan mì rí, ó há mi lọ́fun dòní. N kò ní jẹ ìkejì." Ó wo àríwá. "Ká ní omi wọlé ní báyìí, aṣọ ti gòkè, àwọn ọgọ́ta ti ń bọ̀, eruku yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Bọ́ sínú ẹ̀, kí o gbẹ́ ẹ."

"Ẹ jẹ́ ká ta aṣọ náà..."

"Omi kò dé, aṣọ kò ní gòkè. Wo ẹ̀yìn rẹ." Ó wò ó. Àwọn obìnrin ń di ẹrù, ọmọ ń wo ẹnu ìyá, arúgbó kan ń fi omi wẹ ẹsẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. "Bọ́ sínú ẹ̀."

Gbogbo wọn bọ́ sínú ẹ̀. Bàbá Kànga so okùn mọ́ ìdí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì ronú pé kò sẹ́ni tó di orí kejì mú. Ẹrẹ̀ ń gbé ọkọ́ mì, ó ń pọ̀ ọ́. Láti òkè àríwá ni ariwo ti ń wá, ó tín-ín-rín bí ariwo kòkòrò: irin, ẹṣin, ẹnìkan tó ń ké orúkọ ẹnìkan. Kò gbé orí sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń wò wọ́n bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Oòrùn gun òkè. Ìyá Oníyọ̀ dúró létí omi, ó ń ké sí wọn: "Ó ti ń padà! Ó ti ń padà bọ̀!"

Omi àkọ́kọ́ tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná bí itọ́.

Àsìkò náà ni wọ́n rí àwọn ènìyàn tó ń sáré bọ̀. Wọn ò pé ọgọ́ta. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ dúró lórí afárá, lórí ilẹ̀kùn ọkùnrin yẹn, ó ń fa wọ́n kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà: ẹni mẹ́tàlá. Ẹni tó ṣe ìkẹrìnlá ni ọ̀gá wọn, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

"Àwọn yòókù dà?"

"Wọ́n ti bógun lọ, Ọ̀gágun. Ó ku ẹnìkan lókè ilé ìṣọ́."

"Ta ni?"

Ọ̀gá náà wo inú yàrà, ó rí Bàbá Kànga, ó gbé ojú kúrò. "Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń bi í: 'Dìímú, aṣọ ti gòkè?' 'Kò tíì gòkè.' Nígbà tí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, mo ní kí gbogbo wa máa lọ, aṣọ gòkè o, aṣọ ò gòkè o. Ó ní, 'Ẹ máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì pè mí.'"

Àwọn ẹṣin ti yọ lórí òkè. Omi ti dé orúnkún nínú yàrà, ó ń lọ láti òkun kan sí èkejì láìdúró kí ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́ṣin di orí pákó mú. "Ọ̀gágun, ẹ jẹ́ ká fà á!"

Ọ̀gágun kò kúrò lórí rẹ̀. "Mo búra. Ó ku ẹnìkan." Ó bojú wo ìsàlẹ̀. "Bàbá Kànga. Ìwọ ni o máa sọ ọ́. Títí o fi máa sọ pé ẹni ìkẹyìn ti kọjá, orí pákó yìí ni màá wà."

Bàbá Kànga gbé orí sókè. Èéfín dúdú ń ti orí ilé ìṣọ́ jáde, ó dúró ṣánṣán. Àwọn ẹṣin ti kọjá ìdajì ọ̀nà. Ó lè rí ìjánu wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọwọ́ yẹn ṣì ń ké. Ó wo èéfín náà pẹ́ díẹ̀.

"Ó ti kọjá," ó wí. "Ẹ yọ ọ́."

Wọ́n yọ ọ́. Àwọn ẹṣin dé etí omi, wọ́n fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, wọ́n yí padà. Ọfà díẹ̀ fò, wọ́n bọ́ sómi. Bí ogun náà ṣe parí nìyẹn. Àwọn mìíràn sùn lọ níbi tí wọ́n dúró sí.

Bàbá Kànga mú ìró pupa náà lórí òkúta tó fi pamọ́ sí, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù dáadáa, ó so ó mọ́ ọ̀pá, ó tún bọ́ padà sínú omi, nítorí láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ẹni òkè. Ó gbé aṣọ náà sókè. Atẹ́gùn gbà á.

"Omi ti dé!" ó ké.

Ó dúró. Omi dé ìdí rẹ̀.

"Omi ti dé!"

Omi dé ìgbáròkó, ó dé ìhà. Wọ́n ní kó máa bọ̀ lókè, kò gbé ẹsẹ̀. Òfin iṣẹ́ wọn ni: a kì í gòkè láìgbọ́ ìdáhùn. Olórí Ẹlẹ́ṣin ní orí rẹ̀ ti yí. Ọ̀gágun ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìyá Oníyọ̀ ló rí orí okùn tó ń léfòó lójú omi. Ó tẹ̀ ba, ó mú un, ó wé e mọ́ ọwọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó sì wé e sódì.

"Mo gbọ́," ó wí. "Máa bọ̀."

Bàbá Kànga yíjú wò ó. Ó wo bó ṣe di okùn náà mú, ó mọ̀ pé bí òun bá yọ̀ lẹ́sẹ̀, ọwọ́ yẹn ò ní lè mú òun dúró. Ó gòkè bẹ́ẹ̀ náà.